Ariwo Inú Kásẹ́ẹ̀tì Kẹtàdínlọ́gọ́ta

Ìdè onírin kéékèèké márùn-ún, síkúrúù, ló so ike kásẹ́ẹ̀tì náà pọ̀. Àlàájà Ràfátù Bùsàrí tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí bébà funfun kí wọ́n má baà yí sọnù, ó sì ṣí ike náà bí ẹni ń ṣí ìwé. Ohun tó ń wá kò fara pamọ́ rárá. Níbi tí téèpù funfun tí kì í gba ohùn ti pàdé èyí tí ohùn wà lára rẹ̀, ẹnì kan ti fi abẹ gé e tààrà, ó sì fi sẹ́lótéèpù lásán lẹ̀ ẹ́ padà.

"Kò já fúnra rẹ̀," ó ní. "Wọ́n gé e ni."

Adégbénró, ọkùnrin tó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá, fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. "Mo mọ̀! Mo sọ fún wọn, Màmá, wọn ò gbà mí gbọ́."

"Fara balẹ̀. Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, má sì fo nǹkan kan."

Àárọ̀ Sátidé kan ni, nínú oṣù keje ọdún 1996, nínú ṣọ́ọ̀bù tí Àlàájà Ràfátù ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó. Kí ó tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ẹjọ́ ní Ring Road. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ẹ̀rí tí wọ́n gbà sínú téèpù, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Gbogbo ohun tó bá dún ló máa ń tẹ̀: ọ̀rọ̀, ikọ́, àga tó ṣubú, títí kan ìdákẹ́jẹ́ ẹlẹ́rìí tó ń ro irọ́ tí yóò pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni etí rẹ̀ ti tú ẹjọ́ tó dojú rú fún àwọn ọlọ́pàá. Ìdí nìyẹn tí Adégbénró fi wá a wá.

Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni Adégbénró ń ṣe, ṣùgbọ́n orin ni ayé rẹ̀. Láti ọdún 1991 ló ti ń gbé rẹ́kọ́dà àti máìkì méjì kiri gbogbo ibi tí àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn bá ti ń ta gìtá, tí wọ́n ń kọ orin rọ́ọ̀kì tiwọn, orin tí ilé iṣẹ́ kankan kò gbé jáde, tí rédíò kì í sì í lò. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó kàn ń kó wọn jọ kí wọ́n má baà parun ni. Igba kásẹ́ẹ̀tì ó lé mọ́kànlá ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá rẹ̀ ní Bódìjà. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọjọ́, oṣù, ọdún àti ibi tí wọ́n wà sínú máìkì. Á tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan.

"Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀dẹ̀dẹ̀," Adégbénró bẹ̀rẹ̀. "Ṣemílóore Oyèṣọlá ló ń kọrin fún wọn. Ó ní orin kan nípa ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Jọlá máa ń ta gìtá pẹ̀lú wọn nígbà kan, àmọ́ ó ti kó lọ sí Èkó lọ́dún tó kọjá. Ó ti gbé orin náà fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan níbẹ̀. Ó ní òun lòun kọ ọ́, pé ọdún 1995 lòun kọ ọ́."

"Kásẹ́ẹ̀tì yìí ńkọ́?"

"Ọdún 1994 ni. Òun ni kẹtàdínlọ́gọ́ta nínú gbogbo èyí tí mo ní. Ibẹ̀ ni Ṣemílóore ti kọ́kọ́ kọ orin náà ní gbangba."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n pàdé ní ọ́fíìsì lọ́yà Jọlá ní Dùgbẹ̀. Ṣemílóore ló gba kásẹ́ẹ̀tì àti ìwé ńlá náà lọ́wọ́ Adégbénró láàárọ̀, ó kó wọn sínú báàgì rẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. Dípò ohùn Adégbénró, orin ló sọ lójijì. Wọ́n ṣí ìwé ńlá, ojú ewé tí wọ́n ń wá ti ya kúrò. Lọ́yà Jọlá fò dìde. Ó ní ọmọbìnrin náà ló gé ọjọ́ kúrò lórí téèpù, nítorí pé oṣù tó kọjá ni wọ́n gba orin náà sílẹ̀, tí wọ́n wá ń pè é ní ti àtijọ́. Ó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀.

"Wọ́n fún Ṣemílóore di Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá," Adégbénró ní. "Kó fọwọ́ sí i pé orin náà kì í ṣe tòun. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fẹ̀sùn kàn án pé ó ba ẹ̀rí jẹ́."

"Kí lòun fúnra rẹ̀ wí?"

"Ó ní kí wọ́n ti òun mọ́lé, òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan."

Àlàájà Ràfátù mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. "Ìgbà wo lo gbọ́ ọjọ́ yẹn lórí téèpù kẹ́yìn?"

"Sọ́ńdè tó ṣáájú. Ó wà níbẹ̀. Ojú ewé náà wà nínú ìwé."

"Ta ló wọ yàrá rẹ láàárín Sọ́ńdè sí Ọjọ́bọ̀?"

"Gàfárù, tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ ní Dùgbẹ̀, wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bólúwadúró, tó ń lu ìlù fún Ọ̀dẹ̀dẹ̀, wá lọ́jọ́rú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ orin. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, Màmá."

"O ò da èyí kọ fún ẹnikẹ́ni rí?"

"Mo kà á sí èyí tó bàjẹ́ ni. Ariwo àdúgbò pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀."

Àlàájà gbójú sókè. "Ariwo wo?"

*

Ó dá ìdè márààrún padà, ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ki bébà bọ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Igi méjì tí onílù ń lù mọ́ra wọn ló kọ́kọ́ dún: kó, kó, kó, kó. Gìtá wọlé. Àlàájà kò fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni ń fa páànù nílẹ̀ létí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn Ṣemílóore gba àárín rẹ̀ jáde, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó rántí iṣẹ́.

Orin náà ń lọ. Ó ti tó ìdajì nígbà tí nǹkan kan dún láti òkèèrè, láti apá ọ̀tún, láti apá òsì, láti ẹ̀yìn: "Háà!" Ariwo ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà ń kọrin lọ. Kí orin náà tó parí, òmíràn bú jáde, ayọ̀ ni tọ̀tẹ̀ yìí. Ilẹ̀kùn ń gbá gbàgà, ẹsẹ̀ ń sáré, ẹnì kan ń lu abọ́ irin. Àlàájà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó dá a padà, ó tún un gbọ́. Láti ariwo kìíní sí èkejì kò ju ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ lọ.

"NÉPÀ ni," Adégbénró ní. "Wọ́n mú iná lọ, wọ́n sì mú un dé. Ṣé ẹ mọ Agbowó."

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Àlàájà tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà tán, ó yí i sí ojú kejì. Níbẹ̀, lẹ́yìn orin bíi mélòó kan, ariwo ayọ̀ tún sọ, láìsí "háà" kankan ṣáájú rẹ̀. Ó tẹ ìyẹn náà, ó yọ bébà, ó sì wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀.

*

Inú Gàfárù kò dùn sí àlejò rẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ nípa kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ló ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo wọn ń yí wíwíwí.

"Àlàájà, ẹ ò ní pẹ́ẹ́ pe èèyàn lólè. Mo wọ yàrá Adégbénró, òótọ́ ni. Gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ pé mo fẹ́ gba àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹni tó fẹ́ nǹkan á tún máa gé e?"

"N ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Téèpù mi ló já." Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì wáàsí kan tó ti já tipẹ́ nínú báàgì rẹ̀. "Ẹ bá mi tún un ṣe."

Gàfárù gbà á, ó ṣí i. Ó tẹ́ ẹnu téèpù méjèèjì sínú kòtò irin kékeré kan, ó fi abẹ gé wọn ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó sì fi oríṣi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ wọ́n pọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò gé e tààrà?"

"Á dún 'tàk' tó bá ń kọjá lórí ẹ̀rọ."

"Sẹ́lótéèpù ńkọ́?"

Gàfárù fojú burúkú wò ó. "Oje ara rẹ̀ á yọ́, á sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹni tó bá fi sẹ́lótéèpù lẹ téèpù kì í ṣe ara wa."

Àlàájà yọ kásẹ́ẹ̀tì kẹtàdínlọ́gọ́ta, ó fi ojú ibi tí wọ́n gé hàn án láti ojú fèrèsé ike rẹ̀. Ìbínú tó hàn lójú ọkùnrin náà kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi ṣeré. Ó pòṣé, ó ní kí obìnrin náà gbé e wá kí òun tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àlàájà kò gbé e fún un. Ó ronú pé oníṣẹ́ ọwọ́ lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iṣẹ́ burúkú kí wọ́n má baà fura sí i, nítorí náà ó bi í ní ìbéèrè kan sí i.

"Àwọn ìdè yìí kéré. Irin wo lẹ fi ń tú wọn?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Méjì ni mo ní. Bólúwadúró yá ìkejì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun fẹ́ fi tún ìgò ojú ìyá òun ṣe. Kò tíì dá a padà."

Àlàájà dúpẹ́, ó sì jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yá irin. Ọjọ́rú ló wọ yàrá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ìyá tó ń lo ìgò ojú, kò sì sí adájọ́ tí yóò dá ẹjọ́ lórí irin tín-ínrín kan.

*

Nínú takisí, ní Ṣàngó, ló ti mú bébà tó tẹ̀ jáde, tó ń kà á. *Ariwo: iná lọ. Ariwo: iná dé.* Ojú rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó padà síbẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ má dúró ní Agbowó mọ́, kó gbé òun lọ sí Bódìjà.

"Adégbénró," ó ní bó ti ń wọlé, "lọ́jọ́ tí o gba kásẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀, níbo lẹ wà?"

"Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Agbowó. Ìyá tó ni ín máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn ní ọ̀sán Sọ́ńdè."

"Ṣé ẹ tan jẹnẹrétọ̀?"

"Ta ló ní jẹnẹrétọ̀? Iná ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n fa gìtá mọ́. Bátìrì ni tèmi."

"Bí NÉPÀ bá mú iná Agbowó lọ, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí gìtá?"

Adégbénró fa àga kan mọ́ra. Ó jókòó. "Á dákẹ́."

"Ó dákẹ́ bí?"

"Kò dákẹ́."

"Kò tiẹ̀ yí ohùn padà. Nítorí náà iná kò lọ. Sọ fún mi, kí ló lè mú kí gbogbo ilé ní Agbowó ké 'háà' lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kí gbogbo wọn sì bú sáyọ̀ kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta?"

Adégbénró kì í wo bọ́ọ̀lù. Ó kàn ń wo obìnrin náà ni. Ṣùgbọ́n Àlàájà ní ọkọ kan, ó sì ní ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù dí i lọ́wọ́ ìrun rí. Ó ti mọ ohun tó gbọ́.

Ọ̀dọ̀ Sàjẹ́ǹtì Sàídì, ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu Ṣemílóore sílẹ̀, ló gbà lọ. Sàjẹ́ǹtì náà ń kọ̀wé, kò fẹ́ gbọ́. Àlàájà gbé rẹ́kọ́dà kékeré kalẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀. "Ẹ má gbọ́ orin. Ẹ gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀."

Sàídì gbọ́ "háà" náà, ó ń kọ̀wé lọ. Ó gbọ́ ariwo ayọ̀, bíírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ dá a padà."

Ó dá a padà.

"Sànbíà," Sàídì ní. Ó ti dìde. "Àṣekágbá Ife Áfíríkà ní Túnísì! Ìṣẹ́jú kẹta ni wọ́n jẹ wá. Ìṣẹ́jú karùn-ún la dá a padà. Òjóò ni wọ́n pín iṣẹ́ sí fún mi lọ́jọ́ náà, Àlàájà, rédíò wà létí mi, mo gbá fìlà mi sókè, awakọ̀ kan ló bá mi hán an."

"Góòlù kejì wa ńkọ́?"

"Kété tí wọ́n ti ìsinmi dé ni."

"Ó wà ní ojú kejì. Ọjọ́ wo ni?"

"Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, ọdún 1994." Ó wo rẹ́kọ́dà náà. "Ṣé inú orin yẹn gan-an ni ariwo náà wà?"

"Láàárín rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ kúrò láì ba orin jẹ́."

"Ọmọbìnrin yẹn ń pariwo mọ́ mi pé òun ò purọ́," Sàídì ní wẹ́rẹ́. Ó mú fìlà rẹ̀. "Ta wá ló gé e?"

*

Bólúwadúró wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ó ń to ìlù rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ga, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ṣemílóore jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó ń fún okùn gìtá le. Oorun kò sí lójú rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Sàjẹ́ǹtì Sàídì, tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, dúró nídìí ẹnu ọ̀nà.

"Bólúwadúró," Àlàájà Ràfátù ní, "ṣé o ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìgbà tí wọ́n ti gé e?"

"Rárá o, Màmá. Mo ti wà ní Ọ̀yọ́ láti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àná ni mo dé."

"Ẹnì kan ò sọ bó ṣe rí fún ọ?"

"Wọ́n kàn ní ọjọ́ ti kúrò níbẹ̀ ni."

"Kì í ṣe ọjọ́ nìkan. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó gé e kò mọ nǹkan kan nípa orin. Ìró igi mẹ́rin tí o máa ń lù kí gìtá tó wọlé, ó ti gé ọ̀kan dànù. Mẹ́ta ló kù. Ó ba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ jẹ́ pátápátá, ó wá dà bíi pé onílù náà ò mọ̀ ọ́n kà."

"Irọ́ ni," Bólúwadúró ní. "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé."

Ọwọ́ Ṣemílóore dúró lórí okùn.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé lóòótọ́," Àlàájà ní jẹ́jẹ́. "Mo kan fẹ́ mọ ẹni tó mọ̀ ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀dọ́mọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rí Sàídì. Ó jókòó sórí àga ìlù rẹ̀.

"Jọlá ní àyè onílù wà nínú ẹgbẹ́ òun l'Ékòó," ó ní. "Ó ní ọjọ́ nìkan ni kí n yọ. N ò fọwọ́ kan orin yẹn, Ṣemílóore. Mo lo wákàtí kan gbáko níbẹ̀ kí abẹ má baà kan án."

"Wọ́n fẹ́ tì mí mọ́lé," Ṣemílóore ní. Kò pariwo. "O mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, o sì gba Ọ̀yọ́ lọ."

"Mo rò pé wàá fọwọ́ sí i ni."

"O ti ń lu ìlù lẹ́yìn mi fún ọdún mẹ́ta. O rò pé màá fọwọ́ sí i?"

Sàídì bọ́ síwájú, ó béèrè ojú ewé tó ya. Inú ìlù ńlá ló wà, wọ́n ká a wé irin Gàfárù.

*

Ní Mọ́ńdè, ọ́fíìsì lọ́yà kún. Jọlá wà níbẹ̀ nínú kóòtù tuntun. Ṣemílóore mú bàbá rẹ̀ wá, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùweè. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ra gìtá ni bàbá náà kò ti bá a sọ̀rọ̀ kankan nípa orin. Ó wá nítorí pé wọ́n sọ fún un pé ọlọ́pàá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí ọ̀pá rẹ̀.

Àlàájà Ràfátù kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé bébà tó tẹ̀ kalẹ̀. Adégbénró gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ láti ilé ìkàwé kalẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí góòlù kọ̀ọ̀kan wọlé. Sàídì gbé ojú ewé tó ya àti ọ̀rọ̀ tí Bólúwadúró fọwọ́ sí kalẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ ẹ̀rọ.

Lọ́yà Jọlá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Háà" náà dé. Ó ń wo aago. Ayọ̀ bú jáde. Ó wo ìwé ìròyìn, ó sì wo Jọlá.

"O sọ fún mi pé ọdún 1995 lo kọ ọ́," ó ní.

Jọlá wo ilẹ̀. Ó de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó dìde, ó jáde. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

"Ó ti tán," lọ́yà ní. Ó na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà.

"Ẹ má pa á."

Bàbá Ṣemílóore ni. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó ti tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀," ó ní. "Kí n gbọ́ ohun tó sọ."

Adégbénró dá a padà. Igi dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, gìtá wọlé, ohùn ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún kún yàrá náà. Ó ń kọrin nípa ọkùnrin kan tó ń jí láàárọ̀ kùtù, tó ń na àsíá sí ọkọ̀ ojú irin, tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà tó mọ orúkọ rẹ̀. Ariwo Agbowó wọlé, ó jáde. Bàbá náà kò gbọ́ ìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kúrò lórí ọ̀pá, ó gbé e sókè díẹ̀, bí ẹni di nǹkan mú.

Nígbà tí orin náà parí, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣemílóore," ó ní, "àsíá méjì ni. Pupa ní kí ọkọ̀ dúró, àwọ̀ ewé ní kó máa lọ. O ò sọ èyí tí mo nà."

"Àwọ̀ ewé ni, Bàámi."

Bàbá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Nígbà náà, sọ ọ́ nínú orin."